Ṣé ó yẹ kí a dárí àṣìṣe ìgbà Kòrónà ji ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ata àti tòmátì ni mò ń tà ní Ọyìngbò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé, ara bàbá mi gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì lè mí dáadáa. A gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni méjì, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí a kọjá ẹnu géètì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ti kú. Títí di òní, a kò mọ̀ bóyá Kòrónà ni. Àwa mẹ́jọ péré la sin ín. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ní ìjọba ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ, pé kò sẹ́ni tó mọ àrùn náà rí, àti pé ó yẹ kí n ti dárí jì wọ́n. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wáyé ló ń di ìjà láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ kí n dárí jì wọ́n lóòótọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín fi hàn pé egbò náà kò tíì jiná, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìlera ará ìlú ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Èkó yìí, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2020, nítorí náà díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ń béèrè kan èmi gan-an.

N kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà ẹ̀yin méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò yín kó gbogbo ohun tí ìjọba ṣe sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ó ní kí ẹ dárí jì. Ẹ̀yin náà kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà, ẹ ní ẹ kò dárí jì. Àwọn àgbà wa ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ohun tí ìjọba ṣe nígbà àjàkálẹ̀ àrùn náà kì í ṣe ìka kan: òmíràn jẹ́ àìmọ̀, òmíràn jẹ́ àìbìkítà, òmíràn sì jẹ́ ìwà ìkà tí wọ́n fi orúkọ àrùn bò lórí. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo máa ń bi ara mi pé kí ni ẹni tó pàṣẹ mọ̀ ní ọjọ́ tó pa àṣẹ náà, kí ni ì bá mọ̀ ká ní ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, kí sì ni ó ṣe nígbà tí ó wá mọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni a sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì wúwo jù lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé ní Kòrónà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Yaba ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ní ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn onímọ̀ wa ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ti ka gbogbo àbùdá kòkòrò náà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. A ti mọ bí kòkòrò náà ṣe rí, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ bí ó ṣe ń rìn láàárín èèyàn. Ní oṣù kẹta, mo dúró níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, mo sì sọ fún wọn pé ẹni tí ara rẹ̀ dá kò nílò ìbòmú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ nìyẹn nígbà náà, mo sì gbà á gbọ́. A kò tíì mọ̀ dájú pé ẹni tí kò rí àmì àìsàn kankan lára lè kó o ran ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìmọ̀ yípadà, mo padà lọ bá àwọn ìyá náà, mo ní ohun tí mo sọ fún wọn kò tọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti ń bo imú òun láti ọjọ́ yìí wá, nítorí pé òun kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo dúpẹ́ pé kò gbà mí gbọ́.

Mo sọ èyí kí ẹ lè rí bí àṣìṣe tí a lè dárí jì ṣe máa ń rí. Ẹni tó ṣe é lo ìmọ̀ tó wà nílẹ̀, kò jèrè kankan níbẹ̀, ó sì yára yí padà. Ìjọba wa pàápàá yára ju Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ lórí ọ̀rọ̀ ìbòmú yìí: ó ti di dandan níta ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin kónílé-ó-gbélé, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó gba ará ìlú nímọ̀ràn láti máa lo ìbòmú aláṣọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Bí a bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ó yẹ kí a ka èyí náà mọ́ ọn fún wọn. Bákan náà ni mo ṣe wo ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ni wọ́n tó ti í pa fún ọkọ̀ tó ń ti òkèèrè bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn aláìsàn àkọ́kọ́. Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù wá lọ náà pẹ́, ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò sì fara mọ́ títi ẹnubodè. Mo dárí ìyẹn jì wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí pé àwọn tó lówó ọkọ̀ òfuurufú ló gbé àrùn wọlé, àwọn tó ń jẹun ojúmọ́ ló sì san gbèsè rẹ̀.

Ní ti kónílé-ó-gbélé fúnra rẹ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta fún Èkó, Abuja àti ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Abuja láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sì fi mẹ́rìnlá mìíràn kún un. Lónìí, àwọn kan ń sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí pé gbogbo òkú tí ìjọba kọ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè kò ju bí 3,100 àti díẹ̀ lọ. N kò bá wọn sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní iye yẹn lọ́wọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ohun tí wọ́n rí ni Ítálì, níbi tí àwọn dókítà ti ń yan ẹni tí wọn yóò fún ní ẹ̀rọ ìmí láàárín aláìsàn méjì. Ẹni tó bá rí ìyẹn, tó mọ bí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú àkànṣe ṣe kéré tó ní Èkó, tí kò sì ṣe nǹkan kan, òun ni ǹ bá bínú sí jù. A kì í fi ibi tí ọ̀rọ̀ já sí dá ẹni tó pàṣẹ lẹ́jọ́, ì báà já sí ire, ì báà já sí ibi.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sé ìlú mọ́, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe sé e. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọyìngbò mọ èyí jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n dín àkókò ọjà kù sí wákàtí díẹ̀, ṣé èrò dín kù? Àwọn tí wọn ì bá wá láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ wá fún ara wọn pa ní wákàtí kan náà. Kò nílò onímọ̀ kòkòrò àrùn kankan láti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ìyálọ́jà kan ṣoṣo ì bá ti sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí a jìnnà síra, nínú ìlú tí èyí tó pọ̀ nínú èrò rẹ̀ ń gbé ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra, tí gbogbo wọn ń pín ilé ìwẹ̀ kan lò. Wọ́n ní kí a wà nílé, láàárín àwọn tí owó oúnjẹ alẹ́ wọn wà nínú ohun tí wọ́n bá tà lọ́sàn-án. Ìjọba ìpínlẹ̀ kéde oúnjẹ ìrànwọ́, tí gbogbo wa ń pè ní pálíétíìfù, fún ìdílé 200,000. Bí a bá tilẹ̀ ka èèyàn mẹ́fà sí ìdílé kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kò pé, nínú ìlú tí iye èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ dáadáa. Àìmọ̀ nípa àrùn kọ́ nìyí o. Àìmọ̀ nípa Èkó ni, ìjọba Èkó kò sì lè fi ìyẹn ṣe àwáwí. Lójú tèmi, èyí kọjá àṣìṣe lásán, ó ti di àìbìkítà, ìdáríjì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹni tó ṣe é bá jẹ́wọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ àbúrò yín pé kò sẹ́ni tó mọ irú rẹ̀ rí, ìdajì òtítọ́ ni. Kòkòrò náà ni ó jẹ́ tuntun, àjàkálẹ̀ àrùn kò jẹ́ tuntun ní Èkó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá wọ èbúté Èkó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé kiri láti wá aláìsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò nílùú, wọ́n sì gbé àrùn náà lọ sí òkè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlú tí ẹ̀rù ìjọba bá ń bà ju ẹ̀rù àrùn lọ yóò máa fi àrùn pamọ́. Láti 1924, àrùn tí eku àti eégbọn ń gbé kiri jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó fún ọdún mélòó kan. Ó wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá àjọ atúnlùúṣe Èkó tí àwọn àgbà mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n wó ilé, tí wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí Yaba. Títí di òní, àwọn ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń sọ ìtàn ilé bàbá wọn tó lọ. Ilé tí a wó nítorí eku kò padà, bẹ́ẹ̀ eku ṣì wà.

Ìtàn kan wà tó tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Ẹ́bólà wọ pápákọ̀ òfuurufú Èkó lára aláìsàn kan. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sí ìgboro. Dókítà náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń tọpinpin gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, èèyàn 20 péré ló sì kó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, 8 nínú wọn kú. Nítorí náà, a mọ iṣẹ́ náà. A ti ṣe é rí, ayé sì kan sáárá sí wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà ní Yaba níbí tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà kan. Wọ́n tì í pa ní 1991, pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Nígbà tí abẹ́rẹ́ Kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2021, ohun tí òkèèrè bá fún wa ni à ń gbà, àwọn kan sì fún wa ní èyí tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní láti bàjẹ́ ní Abuja, níṣojú gbogbo èèyàn. Àwọn tó bà á jẹ́ kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Ó dára bí wọ́n ṣe ṣe é ní gbangba. Gbogbo ìjọba tó jẹ láti 1991, tí wọ́n kọjá níwájú géètì tí wọ́n tì ní Yaba yẹn láìṣí i, ni ẹ̀bi náà kàn, kò sì sí àjàkálẹ̀ àrùn kankan tó ń lé wọn ní eré nígbà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé orí àwọn ohun tí n kò lè pè ní àṣìṣe láé. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2020, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jáde pé àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀, àwọn tí Kòrónà fúnra rẹ̀ ti pa títí di ìgbà náà jẹ́ 12. Ẹ tún un kà, àbúrò mi. Ìbọn tí wọ́n gbé jáde láti fi dáàbò bo ẹ̀mí wa pa wá ju àrùn lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Kò sí ìmọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀ tí a lè ní ká ní wọ́n mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìbọn ń pani.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, wọ́n sin Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ààrẹ, ní Abuja, èrò sì pé jọ débi pé ìgbìmọ̀ ààrẹ lórí Kòrónà fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé wọ́n rú òfin níbẹ̀. N kò bínú sí òkú, mo sì bá àwọn ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n kò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ilé ẹjọ́ ní Èkó dá gbajúmọ̀ òṣèré kan lẹ́bi nítorí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tó wáyé nínú ilé rẹ̀, òfin tó sì mú un tọ́. Ẹ̀yin mẹ́jọ ni ẹ sin bàbá yín nítorí òfin kan náà. Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn tó sin òkú wọn báyìí, ohun tó ń dùn wọ́n jù kì í ṣe pé òfin le, bí kò ṣe pé àwọn tó ṣe òfin kò pa á mọ́.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, oúnjẹ ìrànwọ́ kún inú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá tó kó owó rẹ̀ jọ ṣàlàyé pé ríra àti pípín rẹ̀ ló gba àkókò. Mo gbọ́ àlàyé náà, mo sì gbà pé kíkó oúnjẹ jọ fún odidi orílẹ̀-èdè kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Síbẹ̀, ó ti ju oṣù márùn-ún lọ tí ebi kónílé-ó-gbélé ti kọjá. Oúnjẹ tí ebi bá ti kú kí ó tó dé, ta ni ó wà fún?

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí ẹnu géètì tí ẹ dúró sí lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọkàn yín wà. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ní abala ogún rẹ̀ pé ilé ìwòsàn kankan tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò lè mí jẹ́ aláìsàn pàjáwìrì, nítorí náà àwọn ilé ìwòsàn méjèèjì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò dá dúró sọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù yẹn, ìjọba ti kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn aládàáni pé kí ẹni tí kò gba àṣẹ má ṣe tọ́jú aláìsàn Kòrónà. Ìdí tó wà nídìí rẹ̀ dára, kí àrùn má baà gba ọ̀dọ̀ wọn tàn kálẹ̀. Ohun tí wọn kò rò mọ́ ọn ni pé ara gbígbóná ni ohun tó wọ́pọ̀ jù tí ará Èkó ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ibà. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu géètì, tí kò ní ju ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lọ, tí gbogbo ayé ń jà du aṣọ ìdáàbòbò nígbà náà, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ ibà àti èyí tó jẹ́ Kòrónà? Mo lè dárí ji nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹni tí ó ṣòro fún mi láti dárí jì ni ẹni tó kọ ìkìlọ̀ náà, tí kò sì kọ gbólóhùn kan sí i láti sọ ibi tí aláìsàn náà yóò gbà, ẹni tí yóò gbé e lọ, àti ohun tí wọn yóò ṣe fún un kí ọkọ̀ tó dé. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ wà ní Yaba, òmíràn wà ní Oníkan. Ọ̀nà tó lọ láti ẹnu géètì yẹn dé ibẹ̀ ni kò sí.

Nípa ẹni tó lè dárí jì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ni í. N kò lè bá yín dárí jì wọ́n, ààfáà tàbí pásítọ̀ kò lè bá yín ṣe é, àbúrò yín náà kò sì lè ṣe é ní orúkọ yín. Ìdáríjì kò sì pa ìjíhìn rẹ́. Ẹ lè mú ìbínú kúrò lọ́kàn nítorí ìlera ara yín, kí ẹ sì ṣì máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọkàn yín, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Heather Hallett. Àwọn tó pàdánù èèyàn wọn jẹ́rìí níbẹ̀, àwọn mínísítà tó ti jẹ olórí ìjọba jókòó síwájú agbẹjọ́rò, wọ́n dáhùn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ìròyìn àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù keje ọdún 2024. Ohun tí mo fẹ́ fún ilẹ̀ wa nìyẹn, kí wọ́n sì pe èmi náà. Wọ́n ní ẹlẹ́bi tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún yín, àbúrò mi. Nítorí náà, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdáríjì. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, wákàtí náà, ohun tí wọ́n sọ fún yín ní ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í pamọ́ nígbà tí ẹ ṣì rántí rẹ̀ dáadáa.

Ní ti àbúrò yín, ẹ má ṣe gbàgbé pé bàbá tirẹ̀ náà ló kú. Ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹrin yẹn, ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tó ń sọ pé wọ́n ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ, ara rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tún wáyé, ẹ má ṣe bá a jiyàn lórí ìjọba. Ẹ bi í pé kí ni ojú òun fúnra rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí bàbá kú, kí ni ó gbìyànjú láti ṣe, ta ni ó pè tí kò gbé fóònù. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti bi í rí.